Láti Ọ̀tún Bọ́ Sí Òsì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gé Ọ̀pá Sítíárìn, Tí Wọ́n Sì Ń Tò Ó Padà

Ọ̀pá sítíárìn ni irin tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀, tó sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú. Òkè rẹ̀ ni róbótó tí awakọ̀ ń dì mú wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan ráàkì, ìyẹn irin eléyín gbọọrọ tó ń ti táyà méjèèjì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nínú ọkọ̀ tó jáde ní ilé iṣẹ́, gígùn ọ̀pá yìí, bó ṣe dagun àti ibi tó gbà kọjá ti bára mu kí ọkọ̀ náà tó dé ọjà. Ọkọ̀ tí ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, mẹkáníìkì ni yóò wọn ọ̀pá, tí yóò gé e, tí yóò sì wá ọ̀nà tí yóò gbà so ó padà tí kò fi ní já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Lomé

Apá ọ̀tún títì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Togo, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Benin. Àwọn Jámánì ló ṣàkóso Togo títí di 1914, àwọn Faransé ló sì wá gba Lomé, olú ìlú rẹ̀, nígbẹ̀yìn. Apá ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ń gbà nílé wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kọ́ Ghana àti Nàìjíríà láti máa gba apá òsì. Nítorí náà, ẹni tó bá wakọ̀ láti Èkó lọ sí Accra ṣáájú 1972 ní láti yí apá padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń bọ́ sí ọ̀tún bó bá ti wọ Dahomey (orúkọ Benin nígbà náà), ó sì ń padà sí òsì bó bá ti ti Kodjoviakopé ní Lomé bọ́ sí Aflao ní Ghana. Gambia ló kọ́kọ́ yí padà nínú àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1965. Sierra Leone tẹ̀lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1971, Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, Ghana ló sì gbẹ̀yìn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1974.

Títì yí padà, ṣùgbọ́n Japan àti ìlú Ọba kò yí tiwọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ṣì ní sítíárìn lọ́tùn-ún títí di òní, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sì ń di tòkunbọ̀ bí wọ́n bá ti lò wọ́n tán. Èbúté Lomé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà ńlá tí tòkunbọ̀ ń gbà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa àwọn kan lọ sí Burkina Faso àti Niger. Awakọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún lójú títì tí wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló jókòó sí. Bó bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ti ní láti yọ dé àárín títì kí ojú òun fúnra rẹ̀ tó rí ẹni tó ń bọ̀. Òfin Ghana kò fàyè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń kó èrò ló jẹ́ pé ọwọ́ mẹkáníìkì ni sítíárìn wọn ti bọ́ sí òsì.

Àwọn tó ń to ọkọ̀ fúnra wọn ń bá iṣẹ́ kan náà pàdé. Ní ìlú Ọba, Colin Chapman, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé ọkọ̀ Lotus Seven jáde ní 1957. Àwọn oníbàárà lè ra ọkọ̀ náà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, kí wọ́n tò ó nínú gáréèjì wọn, kí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ odindi. Ní Ghana, àwọn oníṣẹ́ irin ní àdúgbò Suame Magazine, Kumasi, to ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Turtle 1 ní 2013, pẹ̀lú Melle Smets àti Joost van Onna tí wọ́n wá láti Netherlands. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n fi tò ó. Ibi tí ẹ̀yà ọkọ̀ kan bá ti pàdé ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn, ọ̀pá sítíárìn kì í sábà bá ibi tó yẹ kó wọ̀ mu.

Láti ọwọ́ awakọ̀ dé ìdí táyà

Ohun tí ojú awakọ̀ ń rí kò ju róbótó sítíárìn àti rọ́bà dúdú tó bo ìdí rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tú rọ́bà náà, páìpù kan wà níbẹ̀ tí kì í yí. Bóòtù ló dè é mọ́ irin tó gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá. Ara páìpù yìí ni wọ́n so ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́, àti ọwọ́ tíráfíkétọ̀ àti ti wáípà. Ọ̀pá gan-an wà nínú rẹ̀, bẹ́árìn sì gbé e dúró lókè àti nísàlẹ̀ kó má baà máa mì.

Bí ọ̀pá bá jáde kúrò nínú páìpù, ó ń pàdé kúrọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, tí àwọn mẹkáníìkì Lomé tó ń sọ Faransé ń pè ní kádáǹ. Fọ́ọ̀kì irin méjì tí irin alápá mẹ́rin so pọ̀ ni, òun ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pá lè tẹ̀ kó má sì dẹ́kun yíyí. Ọ̀pá àárín ló tẹ̀ lé e, tó lu ògiri páànù tó wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ẹ́ńjìnnì kọjá. Kúrọ́ọ̀sì kejì ló gbẹ̀yìn, òun ló bọ́ sórí eyín ráàkì.

Orí ọ̀pá tó bá wọ inú fọ́ọ̀kì ní eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé yípo. Iye eyín yìí àti ìnípọn ọ̀pá yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì, kúrọ́ọ̀sì ọkọ̀ kan sì lè má wọ ti òmíràn rárá. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi gé orí eléyín sọnù. Àárín ni ayùn rẹ̀ ń kàn. Orí méjèèjì tí ilé iṣẹ́ gé ni ó ń fi pamọ́.

Kí ayùn tó kan irin

Ráàkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yanjú. Nínú ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, apá ọ̀tún ráàkì ni ẹnu tí ọ̀pá ń wọ̀ wà. Ráàkì irú ọkọ̀ kan náà tí wọ́n ṣe fún apá òsì ni oògùn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, irú ráàkì bẹ́ẹ̀ wà, nítorí ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ọkọ̀ fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àwọn kan máa ń fi ráàkì sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n á wá fi ṣéènì àti eyín gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ṣéènì máa ń fà, ó máa ń bọ́ lórí eyín, ó sì lè já. Ọjọ́ tó bá já, róbótó á máa yí lófìfo, táyà ò sì ní gbọ́.

Bíréékì pẹ̀lú mọ́sítà rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bá sítíárìn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì, dáṣíbọ́ọ̀dù àti wáípà. Iná iwájú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún apá òsì títì máa ń tàn sí òsì bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní Lomé, ojú ẹni tó ń bọ̀ lápá kejì ló ń tàn sí. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á de àga awakọ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin kí wọ́n tó wọn ohunkóhun, torí àga tó bá sún sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ọ̀pá ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tí yóò máa wa ọkọ̀ ló yẹ kó jókòó síbẹ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Bó bá fẹ̀yìn ti àga tó sì na apá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó gùn lé òkè róbótó sítíárìn. Àyà rẹ̀ yẹ kó jìnnà sí àárín róbótó náà tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán. Ìwọ̀n yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà ń gba àwọn awakọ̀ níyànjú láti fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ní eábáàgì, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn. Orúnkún kò gbọdọ̀ kan róbótó bí ẹsẹ̀ bá gbé kúrò lórí bíréékì.

Igi ìgbálẹ̀ tàbí páìpù púlọ́ńbà ni wọ́n ń fi dán ọ̀nà wò kí irin tó dé. Wọ́n á fi í sí ibi tí ọ̀pá yóò gbà, wọ́n á sì fi ọwọ́ yí i. Igi olówó kékeré yìí ni yóò fi hàn bóyá ọ̀pá yóò fara kan ẹ́ńjìnnì, bóyá yóò dí ẹsẹ̀ bíréékì lọ́wọ́, tàbí bóyá ó sún mọ́ sàlẹ́ńsà jù. Ooru sàlẹ́ńsà máa ń yọ́ gíríìsì kúrọ́ọ̀sì, ó sì máa ń sun rọ́bà tó bò ó. Ẹ́ńjìnnì náà kì í dúró sójú kan: bí wọ́n bá tẹ tóòtù, ó máa ń mì lórí rọ́bà rẹ̀, nítorí náà àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ọ̀pá.

Igun kúrọ́ọ̀sì

Kúrọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó tẹ̀ púpọ̀ kì í yí déédéé. Bí ó bá tẹ̀ ní dígírì 30, tí awakọ̀ sì ń yí róbótó ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀pá ìsàlẹ̀ á máa fà sẹ́yìn dé nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ọwọ́ rẹ̀, á tún sáré dé nǹkan bí 115, lẹ́ẹ̀mejì-méjì nínú yíyí kan. Awakọ̀ á rí i pé sítíárìn fúyẹ́ níhìn-ín, ó wúwo lọ́hùn-ún, àfi bíi pé nǹkan há sínú rẹ̀.

Kúrọ́ọ̀sì méjì ló ń wo àìsàn yìí, bí ohun méjì bá pé. Àkọ́kọ́, igun méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba: bí ti òkè bá jẹ́ dígírì 20, kí ti ìsàlẹ̀ náà jẹ́ 20. Èkejì, fọ́ọ̀kì tó wà lórí ọ̀pá àárín lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pá àárín lé tábìlì, fọ́ọ̀kì méjèèjì yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ pọ̀. Bí ọ̀kan bá tẹ́ tí èkejì dúró, kúrọ́ọ̀sì kejì á máa dá kún àṣìṣe ti àkọ́kọ́ dípò kó pa á rẹ́.

Bí ọ̀nà bá wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba kúrọ́ọ̀sì mẹ́ta, bẹ́árìn kan gbọ́dọ̀ di ọ̀pá mú láàárín, wọ́n á sì fi bóòtù dè é mọ́ ara ọkọ̀. Láìsí i, ọ̀pá náà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì ní gbé àṣẹ awakọ̀ dé ibì kankan.

Gígé

Wọ́n á kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, wọ́n á sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí iná tó kù nínú eábáàgì tó tán. Eábáàgì tó bá tú mọ́ ẹni tó ń tú sítíárìn lè fọ́ ọ lójú. Wọ́n á yí táyà iwájú kó dojú kọ ọ̀kánkán, wọ́n á sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu àmì sára ọ̀pá àti fọ́ọ̀kì, kí wọ́n lè mọ ojú tí wọ́n kọ síra.

Ìwọ̀n kò le. Bí àyè tó wà láàárín ẹnu fọ́ọ̀kì òkè àti ẹnu fọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42, tí fọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan sì ń gbé sẹ̀ǹtímítà 3 mì, ọ̀pá àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ 48. Èyí tó bá kúrú kò ní wọlé tó. Èyí tó bá gùn jù á yọ sí inú fọ́ọ̀kì, á sì máa ha irin alápá mẹ́rin bí kúrọ́ọ̀sì bá tẹ̀. Àwọn àgbà mẹkáníìkì máa ń gé e kó fi díẹ̀ gùn, wọ́n á wá máa fi fáìlì dín in kù títí tí yóò fi bá a mu. Irin tí wọ́n gé kúrú kì í hù padà.

Ayùn irin ló dára jù fún un, kì í ṣe iná gáàsì. Iná máa ń sọ irin di rírọ̀, ó sì ń ba ìrísí ibi tí wọ́n gé jẹ́. Bí wọ́n bá lo gíráńdà, kí wọ́n máa dá a dúró kí irin tutù. Páìpù òde náà lè nílò gígé, ṣùgbọ́n kí wọ́n rí i dájú pé bẹ́árìn ìsàlẹ̀ padà sí ẹnu rẹ̀ tuntun; páìpù tí kò ní bẹ́árìn nísàlẹ̀ ń jẹ́ kí róbótó máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀.

Síso

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kú sí nìyí. Ọ̀nà tó yá jù ni kí jórin-jórin ko orí ọ̀pá méjì lójú ara wọn, kó jó wọn pọ̀ yíká, kó sì fi gíráńdà fá a dán. Ó ń rẹwà lójú, ṣùgbọ́n fífá yẹn ti gé púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ kúrò, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó sì ti yí padà nítorí ooru. Kò sí ohun mìíràn tó di ọ̀pá méjèèjì mú. Bí ó bá sán, ó lè má fi ara hàn títí tí yóò fi já lójú kan.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n má jó o rárá. Wọ́n ń ta kúrọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kan ní eyín, tí ẹnu kejì sì bá ọ̀pá tí ìhà méjì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ mu. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kò lè yí nínú fọ́ọ̀kì, bóòtù ni wọ́n sì fi ń dè é. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju jíjó lọ, kí wọ́n wá páìpù tó nípọn tí ọ̀pá méjèèjì wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, kí apá kọ̀ọ̀kan wọlé dáadáa. Kí wọ́n lu ihò sára páìpù náà, kí wọ́n fi iná dí ihò wọ̀nyẹn mọ́ ọ̀pá inú, kí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì yíká, kí bóòtù líle sì la gbogbo rẹ̀ kọjá lápá kọ̀ọ̀kan. Kí kúrọ́ọ̀sì àti bẹ́árìn ti kúrò lára rẹ̀ kí iná tó kàn án. Ọwọ́ ẹni tó ń fi jíjó irin ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ni irú èyí yẹ, kì í ṣe ti ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Bóòtù fọ́ọ̀kì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ara orí eléyín tí ilé iṣẹ́ ṣe ní kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ sí i, ibẹ̀ sì ni bóòtù yẹ kó gbà kọjá. Bí bóòtù bá kọ̀ láti wọlé, ọ̀pá kò tíì wọlé tó. Kí wọ́n má fi òòlù gbá a. Bí ó bá wọlé, fọ́ọ̀kì kò lè yọ lórí ọ̀pá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú díẹ̀. Bóòtù tuntun àti nọ́ọ̀tì tó ń di ara rẹ̀ mú ni kí wọ́n lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀ gáréèjì.

Ọ̀pá tó gbọ́dọ̀ lè wó

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀pá sítíárìn jẹ́ irin kan ṣoṣo tó lọ tààrà. Bí iwájú ọkọ̀ bá forí sọ igi, ráàkì á ti ọ̀pá sẹ́yìn, ọ̀pá á sì gún awakọ̀ láyà bí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Ní 1967, General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá tó ń wó fúnra rẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1968, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan: bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri ní kìlómítà 48 ní wákàtí kan, òkè ọ̀pá kò gbọdọ̀ sún sẹ́yìn sọ́dọ̀ awakọ̀ ju mìlímítà 127 lọ.

Ọ̀nà bíi mélòó kan ni ọ̀pá ń gbà wó. Nínú òmíràn, páìpù òde ní ihò bíi ti àwọ̀n tó ń jẹ́ kó ká jọ. Nínú òmíràn, ọ̀pá kan ń wọ inú èkejì, ike kékeré ló sì dá wọn dúró títí di ọjọ́ ìjàǹbá. Ayùn kò gbọdọ̀ kan apá yìí, wọn kò sì gbọdọ̀ jó o. Òòlù náà kò gbọdọ̀ kàn án, torí bí wọ́n bá gbá orí ọ̀pá, ike náà lè ṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọ̀pá á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kúrọ́ọ̀sì méjì tó jẹ́ kí ọ̀nà wọ́ náà ń ṣèrànwọ́: bí ráàkì bá ti ọ̀pá sẹ́yìn, á ká ní oríkèé rẹ̀, kò ní ta lọ tààrà.

Àyẹ̀wò

Kí ọkọ̀ tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé iwájú rẹ̀ sókè, wọ́n á sì yí róbótó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ dún. Ẹnìkan á tẹ bíréékì, ẹlòmíràn á máa wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ọ̀pá kan páìpù bíréékì tàbí wáyà. Iye ìgbà tí róbótó yí láti àárín sí ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì mu. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò to ráàkì sí àárín. Bí wọ́n bá yọ kọ́kọ́rọ́, róbótó gbọ́dọ̀ kọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ kọ́ láé. Lẹ́yìn ìrìn àjò kékeré, kí wọ́n tún fi sípánà kan gbogbo bóòtù wò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ti yí sítíárìn rẹ̀ padà, yálà ní Lomé, ní Cotonou tàbí ní Èkó, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kó tó ka owó. Kó wo ọ̀pá láti òkè dé ògiri ẹ́ńjìnnì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó wo ìyókù. Bó bá rí ṣéènì, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ń tà á. Bó bá rí ibi tí wọ́n jó tí wọ́n sì fá dán láìsí páìpù tó bò ó tàbí bóòtù tó là á kọjá, kó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú á dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pá sítíárìn rẹ̀ bá já lórí eré kò ní dúró síbi tí awakọ̀ fẹ́.